Mo Ń Ṣe Alhamdulillahi Lójoojúmọ́, Ṣùgbọ́n Mi Ò Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ

Nínú àwẹ̀ Ràmàdáánì tó kọjá ni àáfà tó kọ́ mi ní kéwú jáde láyé. Orí WhatsApp ni mo ti gbọ́. A ní ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, àwa tí a jọ jókòó lórí ẹní ní ilé kéwú kan lẹ́yìn Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, tí a jọ ń gbé wàláà lé orúnkún. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kálukú ń kọ ohun tó rántí nípa wọn. Ẹnì kan ní àwọn ni wọ́n bá òun bẹ bàbá òun tí òun fi rí sẹ́kọ́ńdìrì lọ. Ẹlòmíì ní lọ́jọ́ tí ibà dá òun gbálẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n pọn òun sí dé ọsibítù. Èmi náà kọ tèmi. Ó gùn dáadáa.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Nínú wa, ta ló sọ ti ẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n wà láyé?"

Kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹ mọ bí WhatsApp ṣe rí. Ẹ máa rí i pé gbogbo èèyàn ti ka ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń tẹ nǹkan kan.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àáfà yìí gan-an ló kọ́ wa ní hádíìsì tó so ọpẹ́ Ọlọ́run mọ́ ọpẹ́ èèyàn, èyí tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà sínú ìwé wọn. Ohun tó ń sọ kò le láti lóye: èèyàn ò lè máa dúpẹ́ fún Ẹni tó wà lókè kó wá fo ẹni tí oore náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. A máa ń ké e lóhùn orin, ní Lárúbáwá, lẹ́yìn náà ní Yorùbá. A mọ̀ ọ́n sórí bí orúkọ ara wa, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí lò ó fún ẹni tó kọ́ wa.

Tí nǹkan bá ń dùn mí, ìwádìí ni mo máa ń sá tọ̀. Mo wá ń bi ara mi pé: àwa tí ọpẹ́ kì í wọ́n lẹ́nu wa, kí ló dé tí ẹnu wa ń wúwo níwájú ẹni tó ṣe wá lóore gan-an? Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré fún mi, torí pé ẹnì kan kù. Àáfà ti lọ, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹlẹ́kọ ṣì wà lórí ọ̀nà tó gun òkè Màpó. Ọdún tí mo wà ní SS2, ọjà ìyá mi wọlẹ̀. Aṣọ òkìrìkà ni wọ́n ń tà ní Ọjà'ba. Láàárọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á jáde nílé láìjẹ nǹkan kan. Ìyá Ẹlẹ́kọ kì í pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn kì í béèrè ohunkóhun. Wọ́n á kàn na ẹ̀kọ méjì àti àkàrà sí wa bí ẹni pé a ti sanwó. Odindi ọdún kan. Mi ò padà sọ́dọ̀ wọn rí láti fẹnu ara mi dúpẹ́.

165 lójúmọ́

Ọpẹ́ ò wọ́n lẹ́nu wa lóòótọ́. Ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú Micra ní ráńdábáòtù Bẹẹrẹ láàárọ̀, kí ẹ máa gun òkè lọ sápá Màpó, níbi tí gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní 1929 ti ń wo gbogbo òrùlé páànù ìlú láti òkè. Ẹ ṣáà máa fetí sílẹ̀. Awakọ̀ tí ọ̀kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá á mí kanlẹ̀, á ní "Alhamdulillahi." Ẹni tó sín á sọ ọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á fi àdúà dá a lóhùn, bí wọn ò tiẹ̀ mọ ara wọn rí. Ìyá tó jẹun tán á sọ ọ́ kí wọ́n tó bu omi fọwọ́. Ẹ bi bàbá tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù pé ṣé àlàáfíà ni, wọ́n á ní "A dúpẹ́." Ẹ béèrè ọjà, "A dúpẹ́." Ẹ béèrè ẹsẹ̀ tó ti ń dùn wọ́n láti ọdún tó kọjá, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò jù báyìí lọ."

Kódà àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń lò ti gba àwọ̀ láìjẹ́ pé a fura. Àlàáfíà tí à ń béèrè lọ́wọ́ ara wa yẹn, inú èdè Lárúbáwá ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlùbáríkà, àdúà àti sàráà. Kristẹni n'Ìbàdàn ń sọ àlàáfíà, oníṣẹ̀ṣe ń sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ń rò ó pé ọ̀rọ̀ àlejò ni.

Ẹni tó bá ń kírun á tún fi ti tẹ̀sùbáà kún un. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, a máa ń ṣe Subhanallahi ní 33, Alhamdulillahi ní 33, ká tó bọ́ sórí Allahu Akbar. Ẹ sọ 33 di púpọ̀ lọ́nà márùn-ún: 165 Alhamdulillahi lójúmọ́, ká má tíì ka ti inú ìrun fúnra rẹ̀.

Ibí yìí ni sáyẹ́ǹsì ti kọ́kọ́ ta mí létí. Ọpọlọ wa kì í pẹ́ ṣíwọ́ kíkíyèsí ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́ tó bá pẹ́ díẹ̀. Àlejò ló máa béèrè pé kí ló ń pariwo báyìí. Etí onílé ò di, ọpọlọ ẹ̀ ló ti pinnu pé kò sí tuntun níbẹ̀. Ní 2005, Sonja Lyubomirsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn ìwádìí kan tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ àwọn oore tó wà láyé wọn sílẹ̀. Àwọn kan ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwọn kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ni inú rẹ̀ wá dùn sí i? Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ti àwọn ẹlẹ́ẹ̀mẹta kò yí padà, ó jọ pé ó ti sú wọn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ìwádìí yẹn kò kan tẹ̀sùbáà rárá. Kíkọ nǹkan sínú ìwé ni wọ́n wò, zikr sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí kì í ṣe pé kí inú wa ṣáà dùn. Kódà, nínú ìwádìí kan tí Ahmad Al-Seheel àti Noraini Noor ṣe ní Malaysia, tó jáde ní 2016, wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí sí ọ̀nà mẹ́ta fún ọjọ́ 14. Àwọn tí wọ́n gbé ọpẹ́ wọn gba ọ̀nà ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ayọ̀ wọn lọ sókè ju ti àwọn tó kàn ka oore lásán lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ò pọ̀, nítorí náà mi ò ní gbé e gun ẹṣin. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn jókòó, wọ́n ronú sí ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ lé lórí. Èmi ńkọ́? Ìka mi ń yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà, ọkàn mi ń ro bátìrì fóònù.

Kámẹ́rà tó tètè lọlé

Ìwádìí kejì ló yà mí lẹ́nu jù. Ní 2018, Simeon Floyd, Nick Enfield àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ kan jáde nípa èdè mẹ́jọ láti ilẹ̀ ayé yíká. Wọn ò pín fọ́ọ̀mù fún ẹnikẹ́ni. Fídíò ni wọ́n ká, nínú ilé, ní ìdí àdògán, níbi tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ti ń ṣe wàhálà ọjọ́ wọn. Wọ́n wo ìgbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tí ẹnì kan ní kí ẹlòmíì bá òun ṣe nǹkan kékeré, bá mi mú iyọ̀ wá, gba ọmọ yìí, tí ẹni yẹn sì ṣe é. Nínú ogún ìgbà, bí ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹni tí wọ́n ṣe é fún dúpẹ́! Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Ítálì dúpẹ́ ju àwọn yòókù lọ, síbẹ̀ tiwọn náà ò tó ìgbà kan nínú márùn-ún. Àwọn tó ń sọ Cha'palaa ní Ecuador ò dúpẹ́ rárá. Siwu, tí wọ́n ń sọ ní Gánà, ló sún mọ́ wa jù nínú àwọn èdè náà.

Ẹ ò ní sọ pé aláìmoore ni gbogbo ayé. Àwọn olùwádìí náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láàárín àwọn tó jọ ń gbé, ìrànlọ́wọ́ kékeré jẹ́ ohun tí kálukú ti mọ̀ pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá bá ẹ gbé garawa lónìí, o ò ní láti sọ̀rọ̀. Ṣáà dìde nígbà tí tèmi bá kàn.

Yorùbá kò sí nínú èdè mẹ́jọ náà. Ká ní ó wà níbẹ̀, mo rò pé nǹkan kan ì bá bọ́ lọ́wọ́ kámẹ́rà wọn, torí kámẹ́rà ti palẹ̀ mọ́ kí ọpẹ́ wa tó dé. Ṣé tẹ́nì kan bá ṣe ẹ́ lóore lónìí tó o dúpẹ́, ó ti tán nìyẹn? Kò tíì tán o. Lọ́la, kó o tó béèrè ohunkóhun mìíràn lọ́wọ́ ẹni náà, "Ẹ ṣé àná o" ló máa ṣíwájú. Tó bá jẹ́ oore ńlá, ìyá rẹ á mú ẹ dání lọ sílé wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ á tún dúpẹ́ tí wọ́n bá pàdé lọ́nà Ọjà'ba. Aládùúgbò tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ á ní "A bá a dúpẹ́ o." Lẹ́yìn ìkómọ tàbí ìsìnkú, àwọn ẹbí á múra, wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, iṣẹ́ tó gbé wọn jáde kò ju ọpẹ́ lọ. Ẹni tí kò bá ṣe é, a mọ orúkọ tí wọ́n máa ń pè é: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Nígbà tí mo débí yìí nínú ìrònú mi, mo rí ibi tí àwa ọmọ kéwú ti ṣìnà. Àwọn òbí wa ló ń dúpẹ́. Ìyá mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ, mo mọ̀ ọ́n, mo tẹ̀ lé wọn lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí tí mò ń fẹsẹ̀ họ ilẹ̀. Mo dàgbà pẹ̀lú èrò pé wọ́n ti bá mi san án. Ní tòótọ́, ìyá mi dúpẹ́ oore tí wọ́n ṣe fún ìyá mi. Ẹni tí ebi ń pa gan-an ò tíì sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí olóore

Gbogbo wa la mọ òwe yẹn: bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọgbọ́n àgbàlagbà ni mo pè é, bíi ká ní dúpẹ́ kí wọ́n lè tún fún ẹ. Adam Grant àti Francesca Gino wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà tí mi ò rò, nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2010. Wọn ò wo ẹni tó gba oore. Ẹni tó ṣe é ni wọ́n wò.

Báyìí ni wọ́n ṣe é. Wọ́n ní kí àwọn kan bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n pè ní Eric ka lẹ́tà tó fẹ́ fi wá iṣẹ́, kí wọ́n sọ ibi tó kù sí. Wọ́n ṣe é. Eric wá kọ̀wé padà pé kí wọ́n jọ̀ọ́ tún bá òun wo lẹ́tà kejì. Fún ìdajì nínú wọn, ó kàn sọ pé òun ti rí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Fún ìdajì kejì, ó fi kún un pé òun dúpẹ́ gan-an. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé méjèèjì kò ju gbólóhùn ọpẹ́ yẹn lọ. Nínú àwọn tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà láti tún ràn án lọ́wọ́. Nínú àwọn tó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìdá 66 ni. Ìlọ́po méjì!

Títí débẹ̀, òwe wa ti sọ ọ́. Ibi tí mo ti dìde lórí ìjókòó ni apá kejì. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíì tó ń jẹ́ Steven, tí kò bá wọn pàdé rí, kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ran òun náà lọ́wọ́. Àwọn tí Eric kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló dá Steven lóhùn. Àwọn tí Eric dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìdá 55. Steven ò mọ Eric, Eric ò mọ Steven, ọpẹ́ ẹnì kìíní ló ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kejì. Nígbà tí àwọn olùwádìí tú u palẹ̀, wọ́n rí i pé kì í ṣe pé inú olóore kàn dùn. Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé ó ti wá mọ̀ pé òun wúlò fún ẹnì kan, pé ìsapá òun dé ibì kan.

Mo wá ro ti àáfà. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó wá lẹ́yìn wa ni ì bá tún jàǹfààní ká ní àwa tí a ṣáájú la ẹnu wa? Mi ò mọ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ̀ ọ́n. Bóyá kò sí ìyàtọ̀ kankan, torí èèyàn tí kì í retí ọpẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í retí nǹkan kì í ṣe ẹni tí kò ní í fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa múra láti béèrè nípa ọpọlọ. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti gbé àwọn èèyàn sínú ẹ̀rọ MRI. Glenn Fox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní 2015. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn fojú inú wo ara wọn bí ẹni tí àjèjì fún ní oúnjẹ tàbí ibi ìfarapamọ́ nígbà tí àwọn Nazi ń pa àwọn Júù. Bí ọpẹ́ tí wọ́n ń rò bá ṣe tó ni àwọn apá kan níwájú ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Ó dára. Àmọ́ àwọn fídíò tó ń sọ pé ọpẹ́ máa wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sàn, ẹ fọwọ́ mú wọn jẹ́jẹ́. David Cregg àti Jennifer Cheavens kó ìwádìí 27 jọ ní 2021, tí àwọn èèyàn inú wọn lé ní 3,600. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ tí kíkọ ọpẹ́ sílẹ̀ ń ṣe fún ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn kéré. Ó wà, ṣùgbọ́n ó kéré. Mo ń sọ èyí torí àwọn ará ilé wa kan: orí ń fọ́ wọn, ojú ń ṣú wọn, tí ẹ bá béèrè, "Alhamdulillahi, kò sí nǹkan." Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò ní ọsibítù.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́nà. Mo ti mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ rí Ìyá Ẹlẹ́kọ. Kí ló ń dá mi dúró? Ojú ń tì mí. Ọdún tó ti kọjá ti ju mẹ́wàá lọ. Mo ń rò ó pé wọ́n á ní níbo lo ti wà látọjọ́ yìí. Mo tún ń rò ó pé mi ò ní mọ ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ.

Àfi bí ẹni pé Amit Kumar àti Nicholas Epley mọ̀ mí. Nínú ìwádìí wọn tó jáde ní 2018, wọ́n ní kí àwọn èèyàn kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí ẹni tó ti ṣe wọ́n lóore. Kí lẹ́tà tó délé, òǹkọ̀wé á sọ bí òun ṣe rò pé ó máa rí lára ẹni tó máa gbà á: ṣé á yà á lẹ́nu, ṣé inú rẹ̀ á dùn, ṣé ara máa tì í? Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ bi àwọn tó gba lẹ́tà fúnra wọn. Àwọn òǹkọ̀wé ti ṣìrò. Ó ya àwọn tó gba lẹ́tà lẹ́nu ju bí òǹkọ̀wé ṣe rò lọ, inú wọn dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ò sì tì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n rí ni pé ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ ń ṣàníyàn nípa ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ṣé ó dùn, ṣé ó gún. Ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Ohun tó ń wò ni pé o wá.

Mo fà bébà kan yọ, mo ṣe bí wọ́n ṣe ní kí àwọn èèyàn yẹn ṣe. Láti 0 dé 10. Ìyàlẹ́nu: 3, torí ìyá mi ti dúpẹ́ nígbà náà. Ìdùnnú: 5. Ìtìjú: 8. Mo ká a sápò, mo wọkọ̀ láti Èkó lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ Micra ní Mọ́lété.

Ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ náà ni mo bá wọn. Ọmọ wọn obìnrin ló ń dín àkàrà báyìí. Àwọn fúnra wọn jókòó sórí àpótí, wọ́n ń to ẹ̀kọ sínú abọ́. Mo sálámà, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Ìyá Aláṣọ tó wà l'Ọ́jà'ba nígbà yẹn ni mí mà."

"Èwo nínú wọn? Èyí tó máa ń ní kí n fi ata sí i?"

"Rárá mà. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Gbogbo gbólóhùn tí mo ti tò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ fò lọ. Mo kàn sọ pé ọdún yẹn, ẹ̀kọ yín ni mo fi ń lọ síléèwé, mo sì ṣe ìdánwò yege, mi ò padà wá sọ fún yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ẹ ṣeun, jazakumullahu khaeran. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní: "Ṣé kò sí o? Ṣé ò ń lọ sókè òkun ni? Àbí dókítà sọ nǹkan fún ẹ?"

Mo ní kò sí nǹkan kan mà, ọpẹ́ lásán ni. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró. Wọ́n pe ọmọ wọn pé kó fi àkàrà sílẹ̀ kó wá gbọ́. Mo tún un sọ. Ọkùnrin kan wá ra ẹ̀kọ, wọ́n ní kí n sọ ọ́ fún òun náà. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó dìde níbẹ̀, ara ti wá ń tì mí wàyí, ṣùgbọ́n ti ara àwọn kọ́.

Nígbà tí àwọn oníbàárà dín kù ni wọ́n sọ ohun tí mi ò mọ̀. Wọ́n ní ọdún yẹn, ìjà wà nílé wọn lórí ẹ̀kọ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pín. Ọkọ wọn ní òwò kì í gùn báyẹn, pé ọmọ ọlọ́mọ ń jẹ èrè wọn. Kì í ṣe àwa nìkan, a tó bíi mẹ́fà. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn fúnra wọn rò ó pé bóyá òótọ́ ni bàbá ń sọ. "Wọ́n ti kú báyìí, kí Ọlọ́run fọ̀rùn kẹ́ wọn. Ká ní wọ́n wà ni, mà á ní kó o lọ sọ ọ́ fún wọn nínú yàrá lọ́hùn-ún."

Mo ti mú ìrẹsì àti òróró dání. Wọ́n gbà á, wọ́n ṣàdúà gígùn. Mo jẹ ẹ̀kọ méjì. Mo fẹ́ sanwó rẹ̀, wọ́n lé mi.

Inú Micra, nígbà tí mo ń padà lọ, ni mo rántí bébà inú àpò mi. Mo fẹ́ kọ nọ́ńbà tó yẹ kó wà níbẹ̀ sí i, mi ò mọ èyí tí mo máa kọ, mo bá ká a padà. Àwa ọmọ kéwú ti fẹnu kò pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a ó lọ sọ́dọ̀ ìyàwó àáfà, gbogbo wa, kálukú á sì sọ tiẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe kírun Àsùbáà tán, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Ọmọọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ló ni fóònù náà, àwọn fúnra wọn ló ń sọ̀rọ̀.

"Mo ní kí n dúpẹ́ àná ni. O ṣeun o."

"Háà, ẹ̀yin lẹ ṣeun mà."

"Rárá, ìwọ lo ṣeun."

"Ẹ̀yin ni mà."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí kírẹ́díìtì ọmọ náà fi tán.